Wáyà Tí Ẹ Máa Ń Kí

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í kọjá lára ohunkóhun láìkí i,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ibi tí mo wà fún yín. Níàmé ni, ní ilẹ̀ Nìjẹ̀. Nígbà tí nǹkan le nílé, tí ọjà kò tà mọ́ ní Òmù-Àrán, mo tẹ̀lé àwọn ará Òmùpó kan wá síbí. Bàtà rọ́bà ni mò ń tà. Ara mi le, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ni.

Ṣé ẹ rántí ọdún tí àwọn oníná wá gé àwọn igi igbá yín tí a fi ń ṣe irú lulẹ̀ nítorí wáyà iná ńlá, háítẹ́ńṣọ̀n? Owó epo rọ̀bì pọ̀ nílùú nígbà náà. Wọ́n ri òpó irin gàgàrà mọ́ àárín oko wa, wọ́n na wáyà, wọ́n bá tiwọn lọ. Iná ń gba orí wa kọjá, àtùpà elépo ni àwa ń tàn. Ẹ gbin ẹ̀pà síbi tí igi wà tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì bínú. Àbí ẹ bínú, tí ẹ kò jẹ́ ká mọ̀?

Rédíò kékeré yín ló sọ pé orílẹ̀-èdè wa ti ń fún àwọn ará Nìjẹ̀ ní iná. Ọjọ́ náà lẹ gbà pé wáyà tiwa ló ń gbé e lọ. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ bá ti dé ìdí òpó láàárọ̀, ẹ ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ẹ ó gbójú sókè: "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá wa kí wọn lọ́hùn-ún." Ìyá mi á bi yín bóyá ó dáhùn. Ẹ ó ní ṣé ìyá mi kò gbọ́ bó ṣe ń kùn ni. Lóòótọ́, bí ìrì bá sẹ̀, ó máa ń kùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀.

Níbí, bí iná bá lọ, èmi ni gbogbo àdúgbò ń wò. Ramatu, onílé mi, á ní kí n ránṣẹ́ sílé kí àwọn èèyàn mi dá iná àwọn padà. Inú mi máa ń dùn díẹ̀, torí ó jọ pé ìkíni yín ti débí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ dájú. Mo sọ ibi tí oko wa wà fún oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ iná, mo bi í bóyá wáyà wa ló ń gbé iná wá síbí. Ó ní rárá, Kàínjì ni iná tiwọn ti wá, ó gba Bírínì Kẹ́bì. Èyí tó gba Gánmọ̀ àti oko wa, Òṣogbo ló forí lé. Bàbá, ẹni tí ẹ ń kí kọ ẹ̀yìn sí Níàmé pátápátá. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹkún gbọ̀n mí.

Mo wá bi í pé kí ló ń mú iná wá ní Kàínjì. Ó nawọ́ sí odò tó wà níwájú wa. Odò Ọya ni. Ó gba ibí kọjá, ó ṣàn wọ ilẹ̀ wa, ó dé Kàínjì, wọ́n fi í ṣe iná. Díẹ̀ nínú iná náà padà wá síbí, díẹ̀ gba orí oko yín. Ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ ní kó bá yín kí gan-an ló ti ń bọ̀. "Ẹ káàbọ̀" ló yẹ kí ẹ máa kí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo lọ sétí odò. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá mi kí bàbá mi." Ramatu tó ń fọ abọ́ nítòsí béèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ará ilé wa ni.

Etí oko ni a sin yín sí, kò jìnnà sí ìdí òpó. Bí ìrì bá sẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ gbọ́ tí wáyà ń kùn lókè yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn. Èmi ni mo kí yín.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
lọ́hùn-ún.