Èmi Ni Mo Wà Nídìí Ọkọ̀, Ọkọ Mi Ló Dọ̀bálẹ̀

Èmi ni mo gbá bàbá yẹn o, kì í ṣe ọkọ mi. Ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí... Ádímín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́, torí bí ẹnì kan ní Ṣábẹ bá mọ̀ pé èmi ni mo kọ èyí, ilé mi tú nìyẹn.

Tíṣà ni mí, ọ̀nà Pọ́bẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi wá síbí, ọdún kẹfà rèé. Mo ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, mo ti yege kóòdù, ìyẹn ti inú ìwé, ó ku ti ojú títì kí wọ́n tó fún mi ní pẹmí, ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ọkọ mi, Bàbá Ìlérí ni mo máa pè é níbí, ní òun á máa jókòó tì mí lọ́jọọjọ́ Àìkú nínú ọkọ̀ òun lọ́nà Ofè, kí ọwọ́ mi lè tètè mọ́ ọn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, a dé bùvẹ́tì tó wà ní oríta, ó rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń mutí, ló bá ní kí n dúró kí òun sọ̀ kalẹ̀, kí n dá lọ, kí n lọ yí po nídìí igi màngòrò ńlá, pé kí òun tó mu ìgò kan tán màá ti padà dé. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní ṣé màá máa gbé ọkọ káàkiri bíi báàgì ni? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú mi, mo wa ọkọ̀ lọ...

Mo yí po dáadáa o. Ìgbà tí mo ń bọ̀ ni ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà, mo fẹ́ tẹ ìjánu, ibi tó ń mú ọkọ̀ sáré ni mo tẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ kan tó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni mo lọ gbá. Iṣu fọ́n ká gbogbo ọ̀nà. Láti orúnkún, ẹsẹ̀ bàbá ti yà síbi tí ẹsẹ̀ kì í yà sí. Mo sáré bọ́ sílẹ̀, mo ń ké, mo di ọwọ́ wọn mú, ẹ gbọ́ ohun tí bàbá yìí bi mí... wọ́n ní ọmọ mi, ṣé nǹkan ò ṣe ìwọ? Nínú erùpẹ̀ tí wọ́n wà yẹn! Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé.

Kí ọlọ́pàá tó dé, Bàbá Ìlérí ti gun alùpùpù zẹ̀mí dé. Kò bi mí bóyá mo fara pa. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó ní kí n lọ dúró lábẹ́ igi. Ó ní bí asiráńsì, àwọn adójútòfò ọkọ̀, bá gbọ́ pé ẹni tí kò ní pẹmí ló ń dá wakọ̀, wọn ò ní fi nǹkan kan tọ́jú bàbá, ẹsẹ̀ á jẹrà mọ́ wọn lára. Nítorí ẹsẹ̀ bàbá ni mo ṣe dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló wakọ̀, èmi náà fọwọ́ sí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìwé ọlọ́pàá kọ́ ló ń parí ọ̀rọ̀. Ẹbí ẹni tó gbá ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ bẹ ẹbí ẹni tí wọ́n gbá, ẹni tó ṣe é gan-an ló sì gbọ́dọ̀ forúnkún kanlẹ̀, a kì í ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ló ṣíwájú wa, a gbé súgà àti àkùkọ lọ sí Ofè. Bàbá wà lórí ẹní, teguntegun ti fi igi di ẹsẹ̀ wọn. Bàbá Ìlérí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, omijé ń bọ́... ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe! Èmi dúró lẹ́yìn bí àlejò. Bàbá ò wò ó, èmi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tó bẹ àwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ àwọn ní ẹ̀bẹ̀ kò tíì bẹ̀, àwọn á dúró dè é. Gbogbo ilé rò pé ìrora ló ń dà wọ́n lórí rú. Ó yé èmi.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti dúró. Ọkùnrin asiráńsì gbé ìwé wá kí bàbá tẹ̀ka sí i pé ọkọ mi ló gbá wọn, bàbá kọ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò fẹjọ́ mi sùn, wọ́n kàn ń sọ pé ẹni náà kò tíì wá. Bàbá Ìlérí ní owó ni arúgbó yẹn ń wá. Owó! Ẹni tó ń bi mí bóyá mo fara pa!

Ibi tó dùn mí jù rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi ẹlẹgbẹ́ mi kan tí àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ asiráńsì ní Kútọnu, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ó pe àbúrò rẹ̀, ìyẹn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ ẹni tí kò ní pẹmí ló wakọ̀, wọ́n á tọ́jú ẹni tí wọ́n gbá, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á wá bá ẹni tó ni ọkọ̀ pé kó dá owó àwọn padà. Ṣé ó yé yín? Kì í ṣe ẹsẹ̀ bàbá ni irọ́ yìí ń dáàbò bò. Àpò Bàbá Ìlérí ni! Mo gbé e kò ó lójú, mo rò pé á ní òun ò mọ̀. Ó ń jẹun lọ ni. Ó lá ọwọ́ tán, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun ta ọkọ̀ ni? Ó mọ̀! Láti ọjọ́ tó ti gba kọ́kọ́rọ́ ló ti mọ̀.

Ojoojúmọ́ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí gún mi. Bí iyọ̀ bá pọ̀ díẹ̀ jù nínú ọbẹ̀, á ní òun tó ru ẹ̀ṣẹ̀ mi lórí... Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin ń kí mi pẹ̀lẹ́ pé ọkọ mi fẹ́ràn eré àsápajúdé, wọ́n ń gbàdúrà fún un, èmi ń ṣe àmín. Àmín kí ni? Mo ń bínú sí i, mo sì ń bínú sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ní kí n dá lọ? Ta ló ní kí n fọwọ́ síwèé? Èmi tíṣà tó ń na ọmọ tó bá purọ́!

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkùnrin asiráńsì tún ń lọ sí Ofè, ó ní bí bàbá ò bá tẹ̀ka, òun á gbé ìwé náà tì. Bàbá Ìlérí ní kí n lọ kí ìyá mi ní Pọ́bẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí bàbá má baà rí mi sójú. Òun fúnra rẹ̀ ló san owó tásì. Báàgì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá lọ sí Ofè dípò Pọ́bẹ̀, tí mo kúnlẹ̀ lójú ọkùnrin asiráńsì, bàbá á rí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá á pe àwa méjèèjì pé a purọ́ sínú ìwé, iṣẹ́ mi lè lọ, Bàbá Ìlérí sì ti búra pé ọjọ́ tí mo bá lanu ni màá kó ẹrù mi, àwọn ọmọ ò sì ní tẹ̀lé mi.

Teguntegun ní bí wọn ò bá tètè gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ní Pàràkú, orúnkún yẹn ò ní ká mọ́ láyé. Lórí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí. Tèmi méjèèjì ló pé, wọ́n ká dáadáa... Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tásì Pọ́bẹ̀ ni kí n wọ̀, àbí zẹ̀mí Ofè? Oríta kan náà ni méjèèjì ti ń gbéra, níwájú bùvẹ́tì yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn kí Ọjọ́bọ̀ tó mọ́.