Ègbè Tí Mo Pa Rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4/8/2025
Àwọn elégbè wa dé sí sitúdíò ní Yábàá lónìí. Àǹtí Làbákẹ́ ló kó wọn wá láti Mushin — gbogbo wọn ló ń gba ààwẹ̀ Ajé. Ẹnu gbẹ, ohùn ò gbẹ. Láti kékeré tí Àǹtí ti gbà mí tọ́, tó ń kọ́ mi ní wákà, àwọn ìyá yìí ló ń gbè mí. Mo dá orin, wọ́n gbà á, orí mi wú. Àwo mi àkọ́kọ́ rèé! Àǹtí ní, "Aneesah, o ti gbé wa dé ibi tá ò dé rí."

Ọjọ́bọ̀, 14/8
Wáyà — Jídé tó ń bá mi po orin ni mo sọ bẹ́ẹ̀, wáyà kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀ — ní orin dùn, bíìtì gbóná, àmọ́ ègbè ò bá a mu. Ó ní, "Sister, no vex, ohùn àwọn mummy yìí ti le jù. Ó ń dún bí ìnáwó Alhaja. Àwọn ọmọ Yábàá ò ní jó o." Kí n fi ohùn ara mi gbè é, òun á sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Ó yẹ kí n bínú. Mo mi orí pé ó dáa, a pa ohùn wọn rẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Yábàá jó, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Jímọ́ọ̀, 15/8
Àǹtí pè. Ṣé ohùn àwọn jáde dáadáa? Mo ní ó jáde gan-an. Irọ́ funfun báláú.

Àìkú, 24/8
Mo máa sọ fún un lọ́la.

Ajé, 25/8
Mi ò sọ ọ́.

Jímọ́ọ̀, 5/9
Àwo jáde. Wọ́n ní orin kẹta ti ń dún káàkiri Surulere. "Nísà" ni wọ́n kọ sí i lára — Wáyà ló gé orúkọ mi kúrú. Inú mi ì bá dùn.

Àbámẹ́ta, 6/9
Ojú tì mí. Ojú tì mí. Àṣé Àǹtí ti pe gbogbo elégbè sílé kí wọ́n wá gbọ́ ara wọn. Mo bá wọn lórí ẹní, wọ́n ti din àkàrà, fóònù wà lórí àga. Ohùn mi dá orin. Ìyá Taoheed ti gbé ọwọ́ sókè, ó ń retí ohùn ara rẹ̀. Èmi ló dáhùn. Èmi mẹ́wàá. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní bóyá orin kejì ni. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àkàrà mọ́.

Àǹtí ò bú mi. Ó kàn ní, "Ó dùn. Ọlọ́hun á jẹ́ kó tà." Ì bá gbá mi létí, ǹ bá dúpẹ́.

Àìkú, 21/9
Taoheed sọ ọmọ lórúkọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹgbẹ́ wa ló kọrin. Mo lọ bẹ̀bẹ̀, kí n lè padà sáàárín wọn. Mo kúnlẹ̀ fún Àǹtí. Ó gbé mi dìde, ó ní kí n má ba aṣọ mi jẹ́. Ó fi àga hàn mí lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì fún mi.

Ìgbà tó yá, ó kọ orin sí mi. Kì í ṣe oríkì tó fi ń jí mi láàárọ̀ o. "Nísà olówó, Nísà tó ń dún káàkiri" — bá a ṣe máa ń kọ ọ́ fún Alhaja tá ò mọ̀ rí. Àwọn elégbè gbà á. Gbogbo ojú wà lára mi. Ẹni tí wọ́n bá kì, á náwó. Mo dìde, mo lẹ owó mọ́ iwájú orí Àǹtí. Mo ṣáà rò pé ó máa dá a padà.

Ó gbà á. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì kọjú orin sí ẹlòmíràn.