Ṣọ́ọ̀bù Yín Tó Wà Lórí Gọ́tà

Bàbá mi àtàtà,

Òjò ń rọ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó láti àárọ̀, òórùn pákó tútù sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Nírú ọjọ́ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo tún ń rí yín, tí ẹ dijú, tí ẹ ń gbóòórùn pákó kí ẹ tó rà á. Kí lẹ máa ń wá nínú rẹ̀ gan-an? Mi ò bi yín rí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ káfíńtà báyìí. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kó gbogbo wa kúrò létí títì, wọ́n ní àwa la dí ojú omi tó ń ya wọlé àwọn èèyàn. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ èsì wa: a ò ní lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ ọ́, mo tẹ̀lé gọ́tà lọ lọ́jọ́ òjò kan. Mò ń rìn bí ẹni tó wà lójú àlá, omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títí ó fi dé ibì kan tó dúró, tó sì ń padà sẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù yín tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ni, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀?

Mo kọ ọ́ pé kí àwa tá a wà lórí gọ́tà kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, kí ìjọba wá gbẹ́ ẹ dé ọ̀sà, kí wọ́n sì fi wá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo kà á nípàdé, àwọn kan ní mo dalẹ̀ ẹgbẹ́. Àlàájì, alága wa tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́, ló rọra bi mí pé:

"Ṣé o ti sọ fún bàbá ẹ?"

Mo ní mi ò tíì sọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí.

Lọ́jọ́ kejì, mo fọwọ́ ara mi tú páànù ṣọ́ọ̀bù yín. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn tó ń bínú náà ti ń tú tiwọn. Ìjọba gbà ká dúró, àmọ́ wọn ò tíì gbẹ́ gọ́tà. Mo ṣì ń pààrà ọ́fíìsì wọn.

Ṣé ẹ rántí ìyá tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ kan tábìlì gíga fún wọn kí wọ́n lè máa gbẹ́rù wọn lé e sá fómi? Mo kọjá lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀ yìí. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó gbẹ, wọ́n sùn fọnfọn.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò yé fẹ́ràn yín.