Ọrun Ẹ̀gbọ́n Rájí

Sátidé, ìrọ̀lẹ́, Jákàńdè Ìsọlọ̀.

Èmi ni mo ṣòfin fún ẹgbẹ́ ọdẹ wa pé ẹni tí kò bá lè fa ọrun líle mọ́ kò gbọdọ̀ ta ọfà. Òfin yẹn ni mo fi ní kí Ẹ̀gbọ́n Rájí máa ṣọ́ ẹrù.

Láàárọ̀ òní nínú igbó, ọ̀yà dúró níwájú mi, èjìká mi kọ̀, n ò lè fa ọrun mi. Ẹ̀gbọ́n, tó ń ṣọ́ ẹrù lẹ́yìn mi, na ọrun wọn tó rọ̀ sí mi.

"Gbà, àbúrò. Ọjọ́ orí ò mọ òfin mítìn."

Mo fi pa á. Kí àwọn yòókù tó dé, Ẹ̀gbọ́n ti gba ọrun wọn padà.

"Ṣíámánù, apá yín ṣì le o!" ni wọ́n ń kí mi.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo gba oríyìn náà.

Èmi tí n kì í fi nǹkan falẹ̀, láti ọ̀sán ni mo ti ń wo nọ́ńbà Ẹ̀gbọ́n. N ò tíì pè.