Wọ́n Ń Dá Àkọlé Fíìmù Rẹ Lóhùn

Agboolé Jagun,
Ìrókò, Akínyẹlé,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àbáyọ̀mí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé Bólúwatifẹ́ ọmọ yín ti bọ́ lọ́wọ́ ibà? Ṣé àwọn bàálù tó ń balẹ̀ ní Alakia ń jẹ́ kí ẹ ráyè gba ohùn fíìmù sílẹ̀? Ní tiwa, a dúpẹ́, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

O ní kí n sọ ohun tó ń mú kí àkọlé fíìmù dára. Èrò tèmi ni pé kó má gùn jù, kó má tú àṣírí ìtàn, kó sì dùn ún pè. Àkọlé tìrẹ, "Gbọ́njúbọ́lá, Máa Bọ̀ Nílé", dùn ún pè, mi ò ní purọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

O ò lè mọ̀, o kàn fẹ́ràn orúkọ yẹn ni. Ìyá Sanmí, aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù wa, bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gbọ́njúbọ́lá. Ọmọ náà lọ rẹ ẹ̀gẹ́ lódò lọ́dún kan, a ò rí i mọ́, a ò sì rí òkú rẹ̀. Ní agboolé wa, a kì í pe orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ níta gbangba. Inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ti ń dárúkọ wọn, nígbà àdúrà.

Àfi bí mọ́tò tó ń polówó fíìmù rẹ ṣe gba ọ̀nà wa kọjá lọ́sàn-án gangan, tí sípíkà ńlá orí ẹ̀ ń pariwo pé Gbọ́njúbọ́lá, máa bọ̀ nílé. À ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ẹnìkan bá dáhùn láti ìsàlẹ̀ odò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ṣe ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn: "Mà."

Yéè, Àbáyọ̀mí, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọdé ló ń ṣeré, àmọ́ kò sí ọmọ kankan lódò. Nígbà tí mọ́tò yẹn tún padà kọjá, inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lohùn náà ti wá. Lánàá tó tún kọjá, ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ni. Wòlíì wa ní ká má jẹ́ kí Ìyá Sanmí dá nìkan wà, torí ibi tí ohùn náà bá ti wá ni wọ́n ń dìde lọ, àwa là ń dì wọ́n mú.

Jọ̀ọ́, bá mi yí àkọlé yẹn padà kí mọ́tò náà tó tún dé. Àkọlé tó dáa lèyí téèyàn lè pariwo níbikíbi láìbẹ̀rù ẹni tó máa dáhùn. Bó o bá fẹ́, pè é ní "Ọ̀nà Odò", kó ṣáà má lórúkọ èèyàn nínú.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí Hezekiah tó ń gbé kámẹ́rà.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni Ìyá Sanmí wọlé. Wọ́n ti gbọ́ pé ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí. Wọn ò sunkún, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Àwo oúnjẹ méjì ni wọ́n ti bù kalẹ̀ nílé wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ẹ pé, "Kó má yí i padà. Bí wọ́n bá tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, á wọlé."

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rù ń bà,
Olúyínká.