Ẹ̀rọ Àgbà Tó Kú sí Fàdámà Wa

Ayọ̀kẹ́mi ọmọ mi,

Okun o, okun iṣẹ́ o. Èmi àti ìyá rẹ kí ọ láti Ayewa, a kí ọkọ rẹ, a kí àwọn ọmọ, títí kan èyí tó ní òun kì í jẹ iyán. Ọlọ́run tó ń mú yín sùn tó ń jí yín kò ní ṣi ojúlé yín mọ̀, bó ti wù kí ilé pọ̀ tó ní Àbújá. Ìyá rẹ ń bẹ, orúnkún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ewúrẹ́ tó o fi sílẹ̀ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, bí mo bá ti dé ibi tó le nínú ọ̀rọ̀, o máa ń ní kí n má dààmú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì lọ. Mo ti kíyè sí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́. Ìwé kò ní ibi tó máa lọ, á dúró títí o máa fi kà á tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò dára. Kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kó o lè wá àga jókòó.

O rántí bí ọ̀rọ̀ ìrẹsì wa ṣe wà. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbé èèyàn lójú ọ̀nà oko, àwọn obìnrin tó máa ń fi dòjé bá wa kórè ní ilẹ̀ àbàtà etí odò, ní fàdámà wa, kò wá mọ́, mi ò sì lè bá wọn wí, ta ló fẹ́ kú nítorí ìrẹsì ẹlòmíràn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti èṣí ló jẹrà lórí ìdúró. Ìdí nìyẹn tí ẹbí fi pe ìpàdé, tí àbúrò mi Isaiah sì dìde pé bí ti ọdún yìí náà kò bá wọlé, kí wọ́n gbin kajú sí gbogbo ilẹ̀ náà, nítorí kajú kì í bẹ ẹnikẹ́ni, bó bá pọ́n á já bọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn gbà. Ìwọ náà mọ̀ pé ilẹ̀ tí kajú bá ti gbà, ìrẹsì kò tún ní padà síbẹ̀ láyé èmi. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ké sí ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ, tí ẹ sì dá owó kọ́ńbáìnì, ẹ̀rọ tó ń gé ìrẹsì, tó ń lù ú, tó sì ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a lè wọ oko láàárọ̀ kí a sì ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́run yóò dá a padà fún yín.

Èmi àti ìyá rẹ la jọ lọ sí ọgbà ọkùnrin tó ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ọládiméjì lorúkọ rẹ̀, ó mọ èèyàn í gbà lálejò, ó fún wa ní omi tútù kí a tó sọ ohun tí a wá ṣe. Kọ́ńbáìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. O ti kìlọ̀ fún mi pé kí n ya fọ́tò èyí tó bá wù mí, kí n fi ránṣẹ́ kí n tó sanwó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ojú rẹ̀, mo wá yà á bí wọ́n ṣe ń ya páásípọ́ọ̀tù, iwájú rẹ̀ gan-an, etí rẹ̀ méjèèjì hàn. Lo bá tún pè mí pé ti iwájú kò tó, pé kí n ya inú rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀. Ayọ̀kẹ́mi, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ìyá rẹ wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá. Àgbàlagbà bíi tèmi kì í tẹríba kó máa ya abẹ́ ohun olóhun. Mo dá ọ lóhùn pé fóònù mi kì í ya irú ìyẹn.

O tún ní ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí n wo wákàtí, pé aago kan wà níwájú àga awakọ̀ tó ń ka gbogbo wákàtí tí ẹ̀rọ náà ti fi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìmọ̀ràn yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo gun orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì wò ó. Èyí aláwọ̀ ewé tó ń dán, tí ìyá rẹ ti ń rẹ́rìn-ín sí, wákàtí tirẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Mo bi Ọládiméjì pé kí ló ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀lẹ ni mo ka ẹ̀rọ náà sí. Èkejì sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa kan wà lẹ́yìn pátápátá, awọ àga rẹ̀ ti ya, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, bí o bá sì da wákàtí àwọn méjì yòókù pọ̀, kò tó tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ti kórè oko òyìnbó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ rí ní Ayewa tí kò tíì rí rí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní òun ni mò ń mú lọ. Ọládiméjì wò mí títí, ó ní ojú mi mọ ọjà. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ náà ń húkọ́, mo ní kó jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà tiẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ débi pé ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé bí a ṣe rí i la ṣe rà á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí lóòótọ́ la rí i, ìyá rẹ pàápàá rí i. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá a lójú.

Ọjọ́ tó wọ ìlú, pásítọ̀ gbàdúrà sí i, Isaiah náà wá fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, John, mẹkáníìkì tí a mú wá láti Kabba, wà á wọ fàdámà. Ọmọ mi, ó gé e! Ó gé ìlà kan láti etí odò títí dé ìdí òkúta ńlá yẹn, ìrẹsì ń rọ́ sínú àpò, mo ń sunkún, mi ò sì tijú. Nígbà tó yí padà pé kó gé ìkejì, ó pariwo kan, ó mí kanlẹ̀, èéfín jáde, ó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà kò fọhùn mọ́.

John tú u, ọwọ́ rẹ̀ dúdú nígbà tó jáde. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti jẹ tán, kì í ṣe ti òní, pé ẹni tó bá wo abẹ́ rẹ̀ ní ọgbà yẹn ì bá ti rí epo tó ń jò. Ó bi mí pé ṣé mi ò rí wákàtí rẹ̀ ni. Mo ní mo rí i, torí ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ inú mi ì bá dùn ká ní ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ni ín a máa tì í jáde ni. Títí di ìsinsìnyí kò yé mi. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, ẹni tó ti kórè jù là ń pè kó wá ṣíwájú.

Òjò tí kò yẹ kó rọ̀ mọ́ lọ́dún yìí wá rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Gbogbo ìrẹsì dùbúlẹ̀, ẹyẹ ẹ̀gà sì bò ó. Èmi àti ìyá rẹ mú dòjé, a ń gé e nínú ẹrẹ̀ títí ẹ̀yìn wa fi kọ̀, ohun tí a rí gé kò fẹ̀ ju àgbàlá wa lọ. Ìyá rẹ kò dá mi lẹ́bi, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹbí dé lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti múra láti bá Isaiah jà, mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Kò bá mi jà. Ó dì mí lápá mú jẹ́jẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣe é tó, ẹ lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Àwọn ọmọ kajú ti wà nínú ọ̀rá lẹ́yìn ilé rẹ̀, bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò gbìn wọ́n. Ẹ̀rọ náà kò ṣeé fà jáde, ó ti rì dé ìdajì táyà, wọ́n ní kajú máa yí i ká bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá láti Kabba pẹ̀lú òòlù ńlá, wọ́n ní àwọn máa gé e wẹ́wẹ́, àwọn á sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Isaiah ní kí n gbà. Mo lé wọn. Mo mọ̀ pé owó yín ni, bí ẹ bá ní kí n tà á mi ò lè jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́.

Owó tí mo ń tọrọ kì í ṣe ti àtúnṣe, John ti ní àtúnṣe kò sí. Fi owó òróró tí ìyá rẹ ń fi pa orúnkún ránṣẹ́, kó o wá fi ti tapólì kún un, ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì, kí n lè bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyá rẹ ní orí mi ti dàrú, pé ta ló ń daṣọ bo òkú irin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, mo bá ọ̀kan nínú aṣọ ìró ìyá rẹ lórí àga awakọ̀, ó ká a dáadáa, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Mi ò bi í. Kí àwọn tó ń kọjá lọ sáà mọ̀ pé a kò jù ú nù, pé ó lẹ́ni tó ni ín.

Iṣẹ́ kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọ̀nà tí o ń rìn kò ní dì mọ́ ọ lójú. Wàá dàgbà, wàá gbó, ọmọ ọmọ rẹ á máa kí ọ ní okun, lọ́jọ́ tí agbára bá sì tán, wàá rí ẹni tí yóò bò ọ́ nígbà òjò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Philip