Màmá Gun Òkè Yanrìn

Bàbá wa, ọkọ Màmá,

A ti lọ, a sì ti dé láyọ̀. Dùbáì la lọ, ìlú tí wọ́n kọ́ sínú aṣálẹ̀: èmi, Kọ́lá àkọ́bí yín, Ṣeun ọmọ mi, àti Màmá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo mọ̀ pé ẹ ò ní tètè gbà á gbọ́. Màmá bá wa lọ.

Láti ìgbà tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Màmá ò kúrò nídìí fèrèsé pálọ̀ mọ́. Ìrìn àárọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń rìn láti ilé wa nínú Fẹ́sítáàkì títí dé Alákijà, ẹ̀yin níwájú, ẹ káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá iléèwé, Màmá lẹ́yìn yín tí wọ́n ń pariwo pé kí ẹ dúró de àwọn, wọ́n pa á tì pátápátá. Orúnkún ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe àwáwí. Nígbà tó yá, orúnkún náà gan lóòótọ́. Dókítà sọ fún wa pé tí Màmá ò bá rìn, ẹsẹ̀ yẹn máa le débi pé kò ní ṣeé rìn mọ́. Màmá gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí fèrèsé. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Ó wá ń ṣe mí bíi pé ẹ̀yin méjèèjì la máa pàdánù.

Kọ́lá ló mú àbá ìrìnàjò yìí wá. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń dúró síwájú ilé nígbà ọyẹ́, tí ẹ ó máa fi òrí pa ètè, tí ẹ ó ní lọ́jọ́ kan ẹ máa mú Màmá lọ wo aṣálẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ọyẹ́ jáde? Kọ́lá ò gbàgbé. Mo rò pé Màmá máa kọ̀ ni. Wọ́n kàn bi wá bóyá inú aṣálẹ̀ la ń lọ lóòótọ́. A ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì ronú síwájú sí i. Àṣìṣe wa nìyẹn, torí nígbà tí a ṣí àpótí wọn láti tò ó dáadáa, súwẹ́tà ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Tiwọn wà níbẹ̀, tèmi wà níbẹ̀, ti Ṣeun náà, àti èyí aláwọ̀ eérú tí ẹ máa ń wọ̀ lọ ṣe ìṣọ́ òru ọdún tuntun. Agolo òrí ńlá kan wà lábẹ́ wọn. Kọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Màmá, ooru ló wà ńbẹ̀ o! Oòrùn ibẹ̀ máa ń dín èèyàn bí dòdò ni!"

"Ìwọ lo mọ̀ yẹn. Ọyẹ́ tó ti ibẹ̀ rìn dé Èkó tó ṣì ń là wá lẹ́sẹ̀, báwo ló ṣe máa wá rí nílé ara ẹ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Báyìí ni súwẹ́tà ṣe bá wa wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ìlú náà rẹwà, Bàbá. A gun ilé kan tó ga débi pé àwọn ilé yòókù wá dà bí páálí bisikíìtì nísàlẹ̀. Màmá di ojú nínú ẹ̀rọ tó ń gbé wa ròkè, wọ́n di apá mi mú, nígbà tí a dé òkè wọ́n la ojú ẹyọ kan. A wọ ọkọ̀ ojú omi. Màmá ní tí wọ́n bá lè bá wa kó ewé kúrò lójú kánáàlì Fẹ́sítáàkì, irú rẹ̀ la ní nílé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Gbogbo ibi tí a bá dé, àga ni Màmá máa kọ́kọ́ rí. "Ẹ̀yin ẹ lọ, mo dúró síbí," ohun tí wọ́n ń sọ fún wa nìyẹn ṣáá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ṣé kì í ṣe pé a kàn gbé ìdí fèrèsé wá sí Dùbáì.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn la lọ sínú aṣálẹ̀ gangan. Kí a tó wọ inú yanrìn, awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa rì. Màmá rò pé táyà ti jò ni. Wọ́n ní kí ẹnì kan sáré lọ pe fọ́kánáísà, nínú aṣálẹ̀! Nígbà tí ọkọ̀ náà wá ń gun òkè yanrìn, tó ń já bọ́ lódìkejì, kò sí orúkọ Jésù tí Màmá ò pè. Ṣeun ní kí awakọ̀ tún un ṣe. A dúró níbì kan tó jẹ́ pé yanrìn pupa nìkan lojú ń rí, kò sí ilé, kò sí igi.

"Ta ló ni gbogbo ilẹ̀ yìí?" Màmá béèrè, wọ́n ń wò yíká. "Ṣé àwọn ọmọ onílẹ̀ ò ní wá yọ wá lẹ́nu báyìí?"

Kọ́lá ní ọba ìlú ló ni ín. Màmá ní ọba náà ní ẹbí.

Èmi àti Ṣeun gun ràkúnmí. Màmá jókòó sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún wa, wọ́n ń kí ọkùnrin tó ń da ràkúnmí náà pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú oòrùn. Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rín dáhùn. Bí oòrùn ṣe ń rẹlẹ̀ báyìí, Bàbá, ni atẹ́gùn kan dé. Otútù mú wa! Èmi tí mo wọ aṣọ péńpé ń gbọ̀n. Màmá ṣí báàgì tí wọ́n gbé dání, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín súwẹ́tà. Tiyín ni wọ́n fún Kọ́lá. Ó bá a mu léjìká wẹ́kú. Màmá wò ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n bọ́ sálúbàtà wọn, wọ́n sì dìde.

Àwọn àlejò ń gun òkè yanrìn kan lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Màmá ní àwọn náà ń lọ.

"Màmá, ẹ jókòó jàre, a máa ya fọ́tò wá fún yín."

"Fọ́tò? Kúrò lọ́nà, Kọ́lá."

Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yanrìn á fà á padà. Ní agbedeméjì, wọ́n dúró, wọ́n di orúnkún mú. Mo sáré lọ bá wọn, wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n má wulẹ̀ wá. Mo dúró síbẹ̀, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má yíjú padà, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn, a ò ní rí wọn gbé jáde nílé mọ́. Màmá kúnlẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún yẹn náà, Bàbá, wọ́n rákò, wọ́n gun ìyókù dé ṣóńṣó. Orí mi wú. Mo sunkún, ojú ò tì mí.

A ti padà sílé báyìí. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń ráhùn lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n lánàá wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn ní Kújẹ, lẹ́bàá Fẹ́sítáàkì níbí. Èyí tó mú mi kọ̀wé gan-an ni mi ò tíì sọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, mi ò gbọ́ kí Màmá pe orúkọ yín rí. Bàbá Kọ́lá ni wọ́n ń pè yín, níwájú yín àti lẹ́yìn yín. Nígbà tí a sin yín pàápàá, Bàbá Kọ́lá ni wọ́n ń sunkún pè. Àmọ́ lórí òkè yanrìn yẹn, wọ́n dìde dúró, wọ́n gbọn ìró wọn, wọ́n kọjú sí oòrùn tó ń wọ̀, wọ́n sì fi gbogbo agbára pariwo:

"Akíntáyọ̀! Wá wò mí o! Mo gùn ún!"

Ẹ má bínú pé mo kọ orúkọ yín gbalaja síbí. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn ni mo ṣe kọ ọ́. Wọn ò pè yín ní bàbá ẹnikẹ́ni, wọn ò sì fi "ẹ" ọ̀wọ̀ kankan ṣáájú. Bí ọmọge ṣe ń pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ni wọ́n ṣe pè yín.

Ṣé ẹ gbọ́, Bàbá? Ṣé ẹ dá wọn lóhùn?

Èmi ni, àbúrò Kọ́lá, tí ń fi yín àti ìyàwó yín yangàn níbi gbogbo.